Ẹ Jẹ́ Ká Gbọ́ Fèrè Àwọn Ọmọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìdíje Báńdì Nígbà Ìsinmi

Sí Olótùú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ sì kú akitiyan. Ìsinmi gbọọrọ tún ti dé. Àwọn báńdì ilé ẹ̀kọ́, báńdì ìjọ, ti Boys' Brigade àti ti Girls' Brigade ti ń fọn fèrè nírọ̀lẹ́ káàkiri ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà dé Ìyàrà, láti Mọ́pà dé Ìsánlú títí lọ dé Ẹ̀gbẹ̀. Láìpẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn díje. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ bá àwọn òǹkàwé yín sọ kí ọjọ́ náà tó pé: lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe àwọn ọmọ ló ń ba ìdíje jẹ́, àwa òǹwòran ni, àwa àti àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ọmọ á ti fi oṣù mẹ́ta kọ́ orin ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ibi tí a dúró sí, àtẹ́wọ́ tí a pa, owó tí a lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí àti jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sẹ́yìn adájọ́ ni yóò sọ bóyá ẹnikẹ́ni á gbọ́ ohun tó kọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ibi ìdúró bẹ̀rẹ̀. Báńdì tó bá wọ pápá, ojú kan ló ń kọ sí. Ibẹ̀ ni ẹnu gbogbo fèrè ń wò, ibẹ̀ ni wọ́n to ìlà wọn fún, ibẹ̀ náà ló yẹ kí adájọ́ wà. Ẹni tó bá dúró sẹ́yìn wọn, ìlù nìkan ni yóò máa gbọ́. Ẹni tó bá lọ dúró ti ọmọ tó ń lu ìlù ńlá kò ní gbọ́ nǹkan mìíràn títí wọ́n á fi parí. Síbẹ̀, bí báńdì bá ti wọlé báyìí, èrò á ya bò wọ́n, wọ́n á yí wọn ká bí ìgbà tí egúngún bá jáde. Egúngún fẹ́ kí a yí òun ká, torí èrò wà lára eré rẹ̀. Báńdì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tó dára jù láti wòran ni àárín gbùngbùn iwájú, ó kéré tán ogún ìṣísẹ̀ sí ìlà àkọ́kọ́, kó sì ga. Bí pápá bá ní sítáńdì, òkè téńté ni kí ẹ lọ jókòó sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n to àga àwọn èèyàn pàtàkì sí. (Ká sòótọ́, àwọn èèyàn pàtàkì yìí ni kì í gbọ́ nǹkan kan nínú orin náà, torí ẹnu trombone ni wọ́n máa ń jókòó sí.) Bí kò bá sí sítáńdì, ẹ wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ẹ̀kọ́ tàbí ibi tí ilẹ̀ ti ga, ilẹ̀ wa kúkú kún fún òkè. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, kí àwọn ọmọdé jókòó sórí ẹní níwájú, kí àwọn àgbàlagbà wà lórí àga lẹ́yìn wọn, kí àwọn tó fẹ́ dúró wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹni tó wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ kò lè mọ̀ bóyá òbírí tí àwọn ọmọ ṣe gún, torí ìlà ọ̀kánkán ni yóò rí. Láti òkè, bí ẹsẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo bá yà kúrò lórí ìlà, kedere ni.

Àwọn tó ń wo fídíò lórí YouTube ti mọ àwọn ẹgbẹ́ onífèrè-onílù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní drum and bugle corps, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi ń ṣe àwòkọ́ṣe. Lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ológun tó ti fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ni ìdíje wọn ti gbilẹ̀. Ní ọdún 1971 ni wọ́n dá àjọ Drum Corps International sílẹ̀. Ìdíje àṣekágbá wọn àkọ́kọ́ wáyé ní Whitewater, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, lọ́dún 1972, Anaheim Kingsmen láti California ló sì gbégbá orókè. Láyé ìsinyìí, inú pápá ìṣeré ńlá kan tó ní òrùlé, Lucas Oil Stadium ní Indianapolis, ni wọ́n ti ń ṣe àṣekágbá nínú oṣù kẹjọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi bọ́ọ̀sì rin ìlú dé ìlú láti oṣù kẹfà. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ẹgbẹ́ kan lè ní tó 150 ọmọ. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì ti ń ṣeré, ẹni tó jáde lọ tọ̀ á dúró sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n á fi parí kó tó padà sórí àga rẹ̀. Kì í ṣe owó rẹpẹtẹ la nílò láti ṣe èyí ní Kàbà. Géńdé mẹ́rin tó dúró ti okùn ti tó.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ àyè yìí wà nínú bí ohùn ṣe ń rìn. Ohùn kò yára tó bí a ṣe rò. Nǹkan bí mítà 340 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí onílù bá wà ní mítà 34 lẹ́yìn onífèrè, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá á ti lọ kí ìró ìlù tó dé etí onífèrè. Ẹ lè ní kí ló wá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú orin tó ń sáré, tí ẹsẹ̀ ń balẹ̀ nígbà 160 ní ìṣẹ́jú kan, àárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì kò ju 0.375 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn ti jẹ ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan lọ. Ẹni tí kò kọ́ orin rí pàápàá á mọ̀ pé nǹkan kan ti ya.

Báwo ni báńdì tó gbọ́n ṣe ń yọ nínú rẹ̀? Àwọn onílù tó wà lẹ́yìn kò gbọdọ̀ fi etí tẹ̀lé ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ olórí tó ń darí orin níwájú ni wọ́n ń wò. Àwọn tó wà níwájú, ní tiwọn, kò gbọdọ̀ gbára lé ọwọ́ olórí. Etí ni wọ́n fi ń gba ìlù tó ń ti ẹ̀yìn bọ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n á sì fọn fèrè lé. Ìró ìlù àti ti fèrè á wá jọ kúrò níbi tí onífèrè wà, wọ́n á sì jọ dé etí òǹwòran. Ó gba sùúrù kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n, torí bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ìlù tó sún mọ́ ọn ni yóò máa tẹ̀lé. Ẹ wá wo ohun tí èrò ń ṣe sí ètò yìí. Wọ́n kó sáàárín olórí àti àwọn onílù, ojú ti bọ́. Wọ́n tún ń pàtẹ́wọ́, etí náà ti dí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá wo ni yóò mú orin náà dúró?

Àtẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ kò burú. Èyí tó ń bá ìlù rìn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí ẹ bá jókòó ní mítà 40 sí báńdì, ìlù á rin mítà 40 kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, àtẹ́wọ́ yín á tún rin mítà 40 padà. Nígbà tó bá fi dé etí àwọn ọmọ, ó ti fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ sí ohun tí wọ́n ń lù lọ́wọ́. Ọgọ́rùn-ún méjì èèyàn ló sì ń pa á, ariwo rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn ọmọ á máa fà sẹ́yìn láti dúró dè é, orin á máa wúwo, adájọ́ á sì gé máàkì wọn nítorí ohun tí a fi ìfẹ́ ṣe. Ẹ hó nígbà tí wọ́n bá gbé orin dé ṣóńṣó. Ẹ hó nígbà tí ọmọ bá ju ọ̀pá sókè tó sì hán an. Ẹ pariwo kí ohùn yín há. Àtẹ́wọ́ abẹ́ orin nìkan ni ká fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ MC àti DJ kò gba àlàyé púpọ̀. MC kò ní iṣẹ́ kankan láàárín ìgbà tí báńdì bá wọlé àti ìgbà tó bá jáde. Kí ó kí kábíyèsí kó tó kan báńdì, kó sì kí àwọn olóyè lẹ́yìn rẹ̀. Orin tí DJ ń fi sí i láàárín báńdì kan sí èkejì náà ń pa àwọn tó ń múra lára, torí ohùn fèrè ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe lọ́wọ́ nígbà yẹn. Orin tó wà lóhùn mìíràn á gbà á kúrò létí wọn. Jẹnẹrétọ̀ ní tirẹ̀, kó wà ní mítà 50 ó kéré tán, lẹ́yìn ilé, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé èéfín rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Ohun kan wà tí òǹwòran kì í mọ̀, tí í sì í mú kí wọ́n sọ pé báńdì kan "kò mọ̀ ọ́n fọn". Oòrùn ni. Afẹ́fẹ́ inú fèrè onídẹ tó bá gbóná, ohùn rẹ̀ á gòkè. Bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n mẹ́wàá lé sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius, ohùn á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àlàfo tó wà láàárín kọ́kọ́rọ́ dùùrù kan sí èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn gòkè. Àwọn irin tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù, tí a ń pè ní bells, kì í bá a gòkè rárá. Wọ́n tilẹ̀ máa ń wálẹ̀ díẹ̀ ni. Báńdì tó tún fèrè ṣe lábẹ́ igi máńgòrò ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tó wá fọn ín ní aago méjìlá ọ̀sán, fèrè àti bells rẹ̀ á máa jà. Ọ̀nà àbáyọ kò le: kí wọ́n kọ́kọ́ fọn fèrè fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó lè gbóná, lẹ́yìn náà kí wọ́n fa irin tó ń tún ohùn ṣe jáde díẹ̀díẹ̀ títí ohùn á fi bára mu. Kí wọ́n ṣe é láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ṣáájú ìgbà tí ó kàn wọ́n, níta gbangba nínú irú ooru tí wọ́n máa bá pàdé ní pápá. Nítorí náà, ibi ìmúrasílẹ̀ tí àwọn olùṣètò máa ń ya sọ́tọ̀ nínú kíláàsì kò wúlò. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, ní nǹkan bíi mítà 100 sí pápá, ló dára. Ẹ̀yin òbí tó ń bá ọmọ gbé fèrè, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe inú búùtù ọkọ̀ ni wọ́n ń fi í sí, ẹ má sì gbé e sórí àpáta tí oòrùn ń pa.

Bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ fèrè, àwọn bọ́tìnnì mẹ́ta tó wà lára trumpet máa ń há lọ́jọ́ ìdíje gan-an, wọ́n á ní ọ̀tá ló ṣe é. Òróró ẹ̀pà ni. Ẹnìkan á ti fi òróró ìdáná sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òróró yẹn á ti ki, á sì ti kó eruku jọ. Òróró bọ́tìnnì fèrè wà lọ́tọ̀. Ẹ̀kán mẹ́ta sí mẹ́rin tó fún bọ́tìnnì kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi aṣọ tí kò ní òwú ṣíṣí nù ún. Bugle kò ní wàhálà yìí torí kò ní bọ́tìnnì. Ètè ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, ohùn bíi márùn-ún sì ni ọ̀pọ̀ ìpè ológun fi ń sọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ.

Èyí ló mú wa dé orí ohun tó ń dùn wá jù. Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje wa, wọ́n á kó báńdì tó ní bugle mẹ́jọ àti ìlù mẹ́fà pọ̀ mọ́ báńdì tó ní trumpet, trombone, euphonium àti saxophone, wọ́n á ní kí wọ́n jọ fi máàkì kan náà díje. Ọmọ ìjọ kékeré láti Bùnú wá ń bá ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ wà lókè òkun díje ohun èlò, kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, bugle tó wà lóhùn G ni òfin wọn gbà títí di 1999. Ọdún 2000 ni wọ́n tó gba fèrè onídẹ tó wà lóhùn mìíràn. Máíkì wọlé ní 2004, ẹ̀rọ orin oníná ní 2009, trombone ní 2014. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí saxophone tàbí clarinet láàárín wọn. Wọ́n tún pín àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sí ìsọ̀rí méjì, World Class àti Open Class, kí ẹni kékeré má baà máa bá erin jìjàkadì. Ẹ jẹ́ ká ní ìsọ̀rí bugle àti ìlù, ká sì ní ìsọ̀rí gbogbo fèrè. Kò ná ẹnikẹ́ni ju ife ẹ̀yẹ kan sí i lọ.

Ọ̀rọ̀ máàkì wá ńkọ́? Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé adájọ́ mẹ́ta á jókòó pọ̀ sábẹ́ kánópì kan, wọ́n á máa bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á wá kọ nǹkan kan náà sílẹ̀. Ẹnu ọ̀kan ni ìdájọ́ yẹn. Bí wọ́n ṣe ń pín 100 ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún nìyí: bí gbogbo eré náà ṣe wọ òǹwòran lọ́kàn gba 40, ohun tí ojú rí gba 30, orin gba 30. Adájọ́ méjì ló ń pín 40 yẹn, ogún-ogún. Ní ti ojú, ẹnìkan ń wo ìrìn àti ìdúró ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan ń wo bí gbogbo wọn ṣe tò, ẹnìkan ń wo àwọn tó ń ju àsíá. Ní ti orin, ẹnìkan wà fún fèrè, ẹnìkan fún ìlù, ẹnìkan fún bí méjèèjì ṣe bára wọn mu. Olúkúlùkù ń fi 20 díwọ̀n. Wọ́n á ro ti àwọn mẹ́ta pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì, 30 ló kù. A kò ní adájọ́ mẹ́jọ. Mẹ́rin tó fún wa: ti fèrè, ti ìlù, ti ìyan, àti ẹnìkan tí yóò jókòó sókè tí yóò wo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kí wọ́n jìnnà síra wọn. Bí kò bá sí ibi gíga, ẹ fi tábìlì méjì ṣe pèpéle tí àga á wà lórí rẹ̀, kí carpenter kan gbá a pọ̀ kó má baà mì.

Ìwé máàkì tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Lọ́hùn-ún, bí eré bá ti ń lọ ni adájọ́ ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, olùkọ́ á sì gbọ́ ọ lẹ́yìn náà. Gbogbo wa ló ní fóònù. Kí adájọ́ tan ohun tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú fóònù rẹ̀, kó máa sọ pé, "Ìlù ńlá ti sáré ju fèrè lọ níbi tí ẹ ti yí padà yẹn," kó sì fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ lórí WhatsApp kó tó kúrò ní pápá. Olùkọ́ tó gbọ́ gbólóhùn yẹn mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹni tí wọ́n kọ "gbìyànjú sí i" fún kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin adájọ́, ẹ má fún báńdì àkọ́kọ́ ní 95. Ẹgbẹ́ Blue Devils ti California ló gba máàkì tó ga jù nínú ìtàn àjọ Drum Corps International, 99.650, lọ́dún 2014. Kò tíì sí ẹni tó gba 100. Bí ẹ bá ti jó dé orí àjà lórí báńdì àkọ́kọ́, kò sí àyè mọ́ fún èyí tó dára jù ú lọ, ẹ ó wá máa fi ìdajì máàkì ya ẹgbẹ́ mẹ́rin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 65 sí 70 fún báńdì tó ṣe dáadáa. Kèké ni kí wọ́n ṣẹ́ láti mú ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé, níwájú gbogbo olùkọ́. Kí èèyàn méjì ro máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó fi ìwé méjèèjì wéra.

Pápá náà nílò ìlà. Lórí pápá Amẹ́ríkà, ìlà wà ní yáàdì márùn-ún márùn-ún, ìyẹn mítà mẹ́rin àti nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 57. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi ń gbà á, ìṣísẹ̀ kan sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 57. Ìṣísẹ̀ ológun tí ọ̀pọ̀ báńdì wa ń lò gùn jù bẹ́ẹ̀, ínǹṣì 30, mẹ́fà ló ń gba yáàdì márùn-ún. Ọmọ kékeré tó ń na ẹsẹ̀ dé ibẹ̀, ara rẹ̀ á máa sọ sókè sódò, ohùn fèrè á máa gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Fún àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́jọ ni kí wọ́n lò. Okùn tí a so kókó sí àti ẹfun tàbí eérú ti tó fún ìlà. Kí wọ́n gé koríko sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ náà, torí koríko tútù tó wà nílẹ̀ ń yọ̀. Kí ẹnìkan sì tètè jí kó ìgbẹ́ màlúù kúrò. Ẹ má rẹ́rìn-ín: ọmọ tó ń rìn sẹ́yìn kò lè rí i.

Òjò oṣù kẹjọ wa sábà máa ń ṣú lẹ́yìn ọ̀sán. Ìlù tó bá jẹ́ awọ ẹran ni wọ́n fi bò ó, afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin lásán á mú un rọ̀ kí òjò tó kán. Awọ ọ̀rá kì í rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó bá dúró lójú rẹ̀ á pa ohùn rẹ̀. Ọ̀rá ńlá méjì-méjì fún ìlù kan ni kí ẹ kó dání. Ẹni tó bá fẹ́ fún ìlù le, kó má yí àwọn skúrù tẹ̀ léra wọn yíká. Kó yí ọ̀kan ní ìdajì, kó yí èyí tó dojú kọ ọ́ ní ìdajì, kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá fún ẹ̀gbẹ́ kan le jù, ibẹ̀ ni awọ máa ti ya, á sì ya nígbà tí orin bá wọra. Ojú ìlù kan àti ọ̀pá mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà nípamọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má fún onífèrè ní ẹ̀bà kó tó wọ pápá. Ikùn tó kún kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé jinlẹ̀. Ògì àti àkàrà díẹ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú, lẹ́yìn náà omi díẹ̀díẹ̀, ó tó. Ọmọ tó ṣubú lulẹ̀ nígbà tí wọ́n dúró gbọn-in fún ọ̀rọ̀ ìkínni, kì í ṣe ayé ló ń ṣe é o. Ó na orúnkún rẹ̀ le gbagidi ni, ẹ̀jẹ̀ dúró sí ẹsẹ̀, orí kò rí tó. Kí wọ́n tẹ orúnkún díẹ̀, kí wọ́n máa mi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ nínú bàtà. Bí ó bá ṣubú, ẹ jẹ́ kó sùn sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn wà, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ má sáré gbé e dìde. Kí ọ̀rọ̀ àwọn olóyè náà kúrú, èyí gan-an ni oògùn rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kò yẹ nítòsí ìlù rárá. Òwú lásán tí a ki bọ etí kò dí ariwo púpọ̀. Ìdètí fóòmù tó wà ní ilé ìtajà oògùn ló dára.

Nípa owó: níná owó mọ́ èèyàn lára lòdì sí òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007, ìjìyà rẹ̀ kò kéré sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí 50,000 náírà. Ká tilẹ̀ fi òfin sílẹ̀. Onífèrè tí ẹ lẹ owó mọ́ níwájú orí á ṣẹ́jú, orí rẹ̀ á yí, ètè rẹ̀ á sún kúrò lẹ́nu fèrè, ohùn á já. Àwọn ọmọ kéékèèké á sì sáré wọ àárín ìlà láti ṣa èyí tó jábọ́. Ẹ gbé àpótí onígíláàsì sí ẹnu ọ̀nà fún báńdì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára, kí MC ka iye tó wà nínú rẹ̀ síta nígbẹ̀yìn. A ó rí bí àwọn ọmọ ìlú ṣe máa bára wọn figagbága níbẹ̀, owó tó máa wọlé á sì ju èyí tí wọ́n ń ná lọ.

Èyí tó kù ni àkókò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kí wọ́n fún báńdì kan: méjì láti wọlé, mẹ́fà fún eré, méjì láti jáde. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀, kí wọ́n yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá máàkì kan (0.1) fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n sì ti sọ ọ́ fún gbogbo olùkọ́ ṣáájú. Báńdì méjìlá á gba wákàtí méjì. Bí a bá fi ìsinmi ogún ìṣẹ́jú kún un, ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ á parí kí aago mọ́kànlá tó lù, kí oòrùn tó mú fèrè, kí òjò tó ṣú. Àwọn tó ń padà sí Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Odò-Ẹ̀rẹ̀ á dé ilé lójú mọmọ, ẹ sì mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí lásìkò yìí. Kí wọ́n lẹ gbogbo ìwé máàkì, orúkọ adájọ́ àti àpapọ̀ rẹ̀, mọ́ ara ògiri kí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó gbéra.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olùkọ́ báńdì kan,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.